Ta Ni Wọ́n Lé Lọ Níbẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bínú sí mi bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí. Èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn eré ọkọ̀ rárá. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tì kó tó ṣiṣẹ́ ni mo mọ̀, irú tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó sì parí sí, ojú ń tì mí láti dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra máa bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, iná wà, òjò ń rọ̀, kò sí ibi tí ènìyàn lè lọ. Àkọ́bí mi ọkùnrin jókòó sídìí tẹlifíṣàn, ó ń wo fíìmù kan tí Netflix ṣe nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré, èyí tí wọ́n pè ní Drive to Survive. Mo ní kó yí i sí ìròyìn. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó díẹ̀. Kì í ṣe eré ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi hàn, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń mú wa lọ."

Ọ̀rọ̀ "ẹ̀yìn ilé" yẹn ló mú mi jókòó. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀yìn ilé, etí mi á dìde.

Kí n là á yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2019 tí wọ́n ya ohun tí à ń wò yìí, ikọ̀ 10 ló ń díje nínú Formula One, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ 2. Orúkọ awakọ̀ nìkan ni àwa ará ilé mọ̀. Ta ni kò gbọ́ orúkọ Lewis Hamilton rí? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó lójú agbo là ń wò, a kì í bèèrè ẹni tó kan ìlù. Ikọ̀ Mercedes tí Hamilton wà nígbà náà, ìlú Brackley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ wọn wà. Wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní ìlú mìíràn tó ń jẹ́ Brixworth. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ẹni méjì péré tó lè wa ọkọ̀ lójú ayé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà. Bí ọkọ̀ bá ti yà wọlé, nǹkan bí ogún ènìyàn á ti yí i ká. Ẹni mẹ́ta ló ń dúró ti táyà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan á tú nọ́ọ̀tì, ọ̀kan á fa èyí tó gbó yọ, ọ̀kan á ki tuntun bọ̀ ọ́. Ẹni kan á fi jáàkì gbé e níwájú, ẹni kan á gbé e lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3, wọ́n ti ṣe tán. Àwọn Red Bull tilẹ̀ ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá 1.82 ní ilẹ̀ Brazil, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Mo rántí fọkanáísà ìkóríta wa. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ bá a wá sípánà lábẹ́ bẹ́ǹṣì ni.

Ìdíje tí a wò lálẹ́ ọjọ́ náà ni èyí tí wọ́n ṣe ní Hockenheim, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2019. Nígbà tí Netflix kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí, Mercedes kò gbà kí wọ́n wọ ẹ̀yìn ilé àwọn. Lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n tó gbà, Hockenheim yìí ni wọ́n sì ní kí wọ́n wá, nítorí ọjọ́ ayẹyẹ ni. Wọ́n kà á pé ó pé ọdún 125 tí Mercedes ti wọ ìdíje ọkọ̀, láti 1894, ó sì tún jẹ́ ìgbà 200 tí wọ́n máa sáré nínú Grand Prix. Wọ́n kun iwájú ọkọ̀ ní funfun bíi ti àtijọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ bíi ti àwọn tó ń sáré ọkọ̀ ní nǹkan bí 1950, fìlà lórí, okùn ṣòkòtò léjìká. Ọkọ̀ Hamilton ló sì wà níwájú pátápátá. Ẹni tó bá rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà á rò pé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ gbé.

Àṣé òjò ń bọ̀. Ó rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Táyà ọ̀dá yàtọ̀, táyà òjò yàtọ̀: ti ọ̀dá ń dán bọ̀rọ́, ti òjò ní ojú tó ń gbọ́n omi dànù. Orí táyà ọ̀dá ni Hamilton wà nígbà tí ilẹ̀ tún tutù. Ọkọ̀ yọ̀, ó gbá ògiri, imú ọkọ̀ bàjẹ́. Ó yà wọlé lójijì láìjẹ́ pé wọ́n ń retí rẹ̀. Ọ̀nà tó gbà wọlé pàápàá kò bófin mu, wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá 5 jẹ ẹ́ níyà. Ẹ wá wo àwọn onífìlà wa! Eléyìí ń wá táyà, tọ̀hún ń wá imú ọkọ̀, wọ́n ń sáré kọlu ara wọn bí adìyẹ tí àṣá balẹ̀ sí láàárín. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3, ó gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú àáyá 50. Kámẹ́rà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pè sì ń ya gbogbo rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Valtteri Bottas, ẹnìkejì Hamilton, gbá ògiri ní tirẹ̀, eré rẹ̀ parí. Hamilton ṣe ipò 11. Ìgbà tí wọ́n fìyà jẹ àwọn kan ni wọ́n tó gbé e sí ipò 9. Max Verstappen ti Red Bull ló gba ipò kìíní. Sebastian Vettel ti Ferrari, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá, ló ṣe ìkejì.

Mo gbá àga mi súnmọ́ tẹlifíṣàn. Mo ń retí ibi tí Toto Wolff, ọ̀gá wọn, á ti na ìka sí ẹnì kan. N kò rí i. Fíìmù parí. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, ta ni wọ́n wá lé lọ níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó jọ pé wọn ò lé ẹnikẹ́ni."

Ó ní, "Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn? Níbi iṣẹ́ tiyín ńkọ́?"

Mo ní oorun ń kùn mí. Mo wọ yàrá lọ. Oorun kankan kò kùn mí.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa àwọn ènìyàn yìí. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìlànà, wọn kò fi pamọ́: bí nǹkan bá bàjẹ́, ohun tó bàjẹ́ ni kí á dojú kọ, kì í ṣe ẹni tó bà á jẹ́. Ẹni tó bá rí àṣìṣe, ìbáà jẹ́ tirẹ̀, kó wí i kíákíá kí wọ́n lè tún un ṣe. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2018, ní orílẹ̀-èdè Austria, Hamilton ló wà níwájú. Àwọn yòókù yà wọlé pààrọ̀ táyà, James Vowles tó ń ṣètò eré fún Mercedes kò pe Hamilton wọlé. Àṣìṣe ńlá ni. Eré kò tíì parí tí Vowles fúnra rẹ̀ fi bọ́ sórí rédíò, tó sọ fún Hamilton pé ẹ̀bi òun ni. Gbogbo ayé gbọ́, nítorí tẹlifíṣàn ń gbé ohùn inú ọkọ̀ wọn jáde. Wọn kò tìtorí ẹ̀ lé e. Ní 2023 ló di ọ̀gá ikọ̀ Williams. Àwọn Mercedes tó dójú ti ara wọn ní Hockenheim yìí kan náà ló sì gba ife ẹ̀yẹ ọdún 2019, ìgbà kẹfà léraléra.

N kò sọ pé Òyìnbó kì í léni níṣẹ́ o. Wọ́n ń lé e dáadáa. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2019 kan náà, Red Bull yọ Pierre Gasly kúrò lórí ọkọ̀ wọn láì dúró kí ọdún parí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ yin ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ó yá, mo ti dé ibi tí ojú ti ń tì mí.

Ní ọdún 2006, mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Èmi ni mo ń mójú tó ojú ìwé ìkéde. Ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, fọ́tò méjì wà lórí tábìlì mi: ti bàbá kan tó kú, àti ti olóyè kan tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 70. Èmi ni mo fi bírò kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò méjèèjì. Ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ lọ sílé. Mo kọ orúkọ òkú sẹ́yìn fọ́tò alààyè. Mo kó wọn fún ọmọkùnrin tó ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí mo kọ ló sì tẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ìwé ìròyìn jáde, kó tó di aago 10, àwọn ọmọ olóyè ti kún ọgbà wa. Ìyá kan láàárín wọn ń sunkún bí ẹni pé òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀gá wa pe gbogbo wa jọ. Ó na ìwé ìròyìn sókè. "Ta ló ṣe é?" Kò bèèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ta ló ṣe é ni. Ojú gbogbo ènìyàn yí sí ọmọkùnrin yẹn, nítorí òun ló kéré jù. Òun náà wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Ìyàwó mi lóyún oṣù méje nígbà náà, owó ilé ti tó san. Mo ti sọ ìdí yìí fún ara mi láìmọye ìgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò wẹ̀ mí mọ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti já ìwé gbélé-ẹ lé e lọ́wọ́. Ó kó abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dàbọ̀ o." Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ!

Oyún ọjọ́ náà ni ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè nídìí tẹlifíṣàn.

Oṣù méjì ni mo fi wá nọ́ńbà ọmọkùnrin náà kí n tó rí i lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti wa ọkọ̀ fún wa rí. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tirẹ̀ ní Ṣómólú, l'Ékòó. N kò bá a sọ ọ́ lórí fóònù. Mo wọkọ̀ lọ bá a. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó yọ̀ mọ́ mi, ó pa ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n lọ ra omi tútù wá. N kò mu ún. Mo wí ohun tó gbé mi wá.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Ìkọ̀wé yín ló wà lẹ́yìn fọ́tò."

"Kí ló dé tí o kò fi hàn wọ́n?"

"Ta ni wọn ì bá gbàgbọ́, èmi àbí ẹ̀yin? Mo ń retí pé ẹ máa wí i ni. Mo retí lọ́jọ́ kejì. Mo retí títí oṣù fi parí. Nígbà tó yá, mi ò retí mọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tí íǹkì wà. "Tèmi ti kọjá. Ṣùgbọ́n màmá mi ṣì wà n'Íbàdàn. Títí di òní, bí mo bá ń kánjú ṣe nǹkan, wọ́n á ní, 'Rọra o, ìwọ tí o sọ alààyè di òkú.' Bí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan fún mi, ẹ lọ sọ fún wọn."

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wá ilé ìyá náà lọ sí ẹ̀yìn Bẹẹrẹ. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò dá ọwọ́ ẹ̀wà dúró. Ìgbà tí mo parí ni wọ́n gbé ojú sókè.

"O ṣeun tí o wá, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n o pẹ́." Wọ́n na fóònù wọn sí mi. "Bá mi pe ọmọ mi."

Mo pè é, mo gbé fóònù fún wọn, mo sì jáde síta. Ohun tí ìyá bá ọmọ rẹ̀ sọ kì í ṣe tèmi láti gbọ́.

Ìṣẹ́jú àáyá 50 tí àwọn èèyàn Hockenheim fi ṣòfò, gbogbo ayé ló rí i. Tèmi lé ní ọdún 15, kò sì sí kámẹ́rà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń ka ìwé yìí, lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lábẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó bèèrè ẹni tó ṣe é. "Ta ló ṣe é" ló ń kọ́ àwọn bíi tèmi láti wo ilẹ̀. Ẹ̀yin tó sì jẹ́ irú mi, tí ìkọ̀wé yín wà lẹ́yìn fọ́tò kan níbì kan, ẹ wí i nígbà tó ṣì lè wúlò fún ẹni tó ń jìyà rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé láti Bẹẹrẹ, ọmọ mi wà nídìí tẹlifíṣàn rẹ̀. Mo ní kó pa á. Mo jókòó tì í, mo sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀.