Ìwé Ìsàmì Inú Garawa

Inú garawa ọ̀dà ni wọ́n ń tọ́jú ìwé ìsàmì ṣọ́ọ̀ṣì sí. Garawa oníke funfun ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà. Ìdérí rẹ̀ le débi pé ìdí ṣíbí ni bàbá tó ń mójú tó ṣọ́ọ̀ṣì náà fi tú u. Ó nu ọwọ́ méjèèjì lára ṣòkòtò, ó fa ìwé náà yọ, ó ní, “Ọmọ mi, omi ni ò jẹ́ ká fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́.”

Ùgbònlá la wà, létí omi Ìlàjẹ. Ìyá tó bí ìyá mi ni mo wá wá síbẹ̀, ìyá tó ti kú kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì.

Ìwé náà gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé orí ìka. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti pupa nígbà kan. Ó ti wá rí bí awọ ẹja gbígbẹ báyìí, ó ń bó wẹ́wẹ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni òórùn aṣọ tó gbẹ nínú ilé lásìkò òjò. Omi ti wọ ìsàlẹ̀ gbogbo ewé rẹ̀ rí, ó fi àmì sílẹ̀ yíká bí ìgbà tí ìgbì omi bá sún sẹ́yìn lórí iyanrìn. Òkè àmì yẹn, ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé kà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàdáwà ti di ìkùukùu.

Wọ́n fa ìlà sí ewé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ ìsàmì, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ bàbá, ẹni tó ṣe ìsàmì. Níbi iṣẹ́, apẹja ni. Apẹja, apẹja, apẹja, títí ó fi sú akọ̀wé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì méjì tínńtín rọ́pò ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló fa ojú mi mọ́ra lójú ewé kan: káfíńtà. Mo rò ó nínú mi pé òun ni yóò máa kan ọkọ̀ fún gbogbo àwọn tó kù. Mo ṣí ewé náà kọjá.

Ibi tí wàhálà mi wà ni pé Rúùtù ni wọ́n fi sàmì fún ìyá àgbà, Rúùtù mẹ́rin ló sì wà nínú ìwé. Orúkọ àbísọ kò sí níbẹ̀. Bàbá Rúùtù kìíní ń jẹ́ Dáníẹ́lì, tìkejì Dáníẹ́lì, tìkẹta Jósẹ́fù, tìkẹrin Jósẹ́fù. Àwọn ìyá wọn? Sárà, Màríà, Sárà, Màtá. Ilé wo ni Sárà ti wá? Akọ̀wé kò bi í. Ká sòótọ́, mo bínú sí i. Ó jókòó ti àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn lẹ́nu, ó wá lọ mú orúkọ inú Bíbélì nìkan fún wa.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Liverpool, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wá láti Írẹ́lándì, ló kó iṣẹ́ yìí ràn mí. Tirẹ̀ kò nílò ọkọ̀ ojú omi. Lóṣù keje ọdún 2015 ni ilé ìkàwé àpapọ̀ wọn ní Dublin gbé àwòrán ìwé àwọn ìjọ Kátólíìkì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó ju 370,000 lọ, títí dé nǹkan bí ọdún 1880. Àwọn náà jìyà orúkọ: Látìn ni àlùfáà fi ń kọ ọ́, Seán di Joannes, Bríd di Brigida. Ṣùgbọ́n àlùfáà wọn gbọ́n ju akọ̀wé tiwa lọ níbì kan. Ó sábà máa ń kọ orúkọ ìdílé tí ìyá ọmọ ti wá, á tún kọ ti bàbá àti ìyá ìsàmì sí i. Ìyá ìsàmì kan báyìí ni ọ̀rẹ́ mi tọ̀ lẹ́yìn títí tó fi dé abúlé tí wọ́n bí ìyá bàbá rẹ̀ sí.

Ó sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù fún mi. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1922, nígbà ogun abẹ́lé, iná jó ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Four Courts, Dublin. Ìwé ìkànìyàn àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ ìwé ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ti kó lọ síbẹ̀ pé kó má baà sọnù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló di eérú. Ti Kátólíìkì tí àlùfáà fi sábẹ́ òrùlé ara rẹ̀ lábúlé ló ṣẹ́kù.

Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá. Ó rẹ́rìn-ín. “Tiwa tó jókòó sílé ni òkun ń lé.” Ó nawọ́ sí ọ̀nà Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947, tí òkun ti gbé ilé lórí ilé lọ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé náà lọ sí ilé àkọsílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó fọmọ tọrẹ.

Omi nìkan kọ́ ni ọ̀tá ìwé náà, kí n má tàn yín. Ewé méjì ti kúrò láàárín, abẹ ni wọ́n fi gé e, etí rẹ̀ tọ́ bí ìlà rúlà. Kí òfin ọdún 1992 tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan jákèjádò orílẹ̀-èdè, ìwé báyìí ni ẹlòmíràn ní láti fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ orí ìjọba àti ọjọ́ orí ṣọ́ọ̀ṣì kì í sì í sábà bára wọn mu. Bàbá kò dárúkọ ẹni tó gé e. Ó kàn ní, “Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí.”

Oòrùn ti ń yí. Ó bi mí pé kí ni ìyá mi máa ń sọ bó bá ń ki ìyá rẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí ìwọ̀nba ni mo há sórí: ọmọ oníka mẹ́rin tó kan ọkọ̀ tí oníka márùn-ún ń gùn. Eré ẹnu ni mo kà á sí láti kékeré. Apẹja ni ìyá mi sọ pé àwọn ènìyàn òun jẹ́.

Bàbá kò wo ìwé. “Jósẹ́fù ni. Àáké ló gé e níka. Ẹgbẹ́ bàbá mi ni, ilé wọn ló wà níbi tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan.” Ibi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀, òpó igi mẹ́ta ló dúró nínú omi níbẹ̀. Mo ti di ọ̀kan mú kí n má baà ṣubú.

Mo ṣí ewé náà padà. Rúùtù kẹrin. Jósẹ́fù àti Màtá. Ùgbònlá. Káfíńtà. Akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ náà gbọọrọ, bí ẹni tínú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan mìíràn kọ lọ́jọ́ náà.

Mo fi fóònù ya ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Nẹ́tíwọ̀kì kò sí. Bàbá ní kí n bá òun jókòó lé ìdérí garawa kó lè pa dé dáadáa.