Òkè, Ọyẹ́ àti Fọ́tò ní Ilẹ̀ Kabba

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá lọ ṣe ọdún ní ìlú ọkọ, fọ́tò mélòó ni a máa ń yà tí kì í ṣe ti aṣọ ẹbí àti ti abọ́ oúnjẹ? Ọmọ tí a bí sí Èkó tàbí Ìbàdàn lè mọ ojú gbogbo àwọn tó wá síbi ìnáwó, kí ó má sì mọ àpáta tí bàbá rẹ̀ gùn nígbà èwe. Ìlú kì í ṣe ènìyàn nìkan. Ilẹ̀, òkè àti igi rẹ̀ wà nínú ogún ọmọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ rìn dé Kabba lóṣù yìí, kí a wo bí ènìyàn ti í ya àwòrán ilẹ̀. Iṣẹ́ náà jọ ìtọ́jú ilé: a ó ṣètò, a ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀.

Kabba wà ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́kọ́ja, ní nǹkan bí 80 kìlómítà. Ìlú àwọn Owé ni, Ọbaro sì ni ọba wọn. Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni a pa pọ̀ ń pè ní Okun, nítorí ìkíni wọn: bí o bá ń ṣiṣẹ́, bí o bá ti ìrìn àjò dé, "Okun o" ni wọn yóò fi pàdé rẹ. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n wà kí a tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Koríko ga, igi kò há mọ́ra, àwọn òkè àpáta sì yọ gọnbọ sókè láàrin oko iṣu. Ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, níbi tí gbajúmọ̀ aláró Nike Okundaye ti wá, àpáta yí ìlú ká. Ní ilẹ̀ Bùnú ni wọ́n ti ń hun aṣọ ipò, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú olóyè. Láyé àtijọ́, wọ́n a máa tú òwú pupa lára kúbùsù ilé ìwòsàn láti fi hun ún.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ ya òkè yóò ṣètò ni àsìkò. Òjò ilẹ̀ náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó sì ń dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá. Ìparí oṣù kẹwàá dára púpọ̀: òjò ti fọ eruku inú afẹ́fẹ́ dànù, koríko ṣì tutù, òkè tó wà lọ́nà jíjìn sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ wa ń ráyè lọ sílé, àsìkò náà gan-an sì ni ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tí ó ń bo òkè mọ́lẹ̀ bí aṣọ funfun.

Ohun kejì ni wákàtí. Ọ̀sán gangan kò dára, nítorí oòrùn a dúró sí àtàrí, òjìji a kúrú, àpáta a sì rí pẹlẹbẹ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, tí gbogbo kòtò àti gegele ara òkè ń hàn. Ṣùgbọ́n nítorí pé a sún mọ́ agbede-méjì ayé, oòrùn wa a máa já wálẹ̀ gbọnrangandan. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá wọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò dà bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìrọ̀lẹ́ ti ń falẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le: ìmọ́lẹ̀ tó dára jù ni ó sún mọ́ òkùnkùn jù. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajínigbé ti da àwọn ọ̀nà kan láàmú ní agbègbè náà, abiyamọ kò sì gbọdọ̀ torí fọ́tò fi ẹ̀mí ọmọ wewu. Ẹ bi àwọn onílé léèrè kí ẹ tó jáde. Ẹ mú ọmọ ìlú dání. Ẹ yan àpáta tó sún mọ́ ilé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ jókòó. Ẹ rí i pé iná kún inú fóònù tàbí kámẹ́rà yín, kí ẹ sì mú omi àti aṣọ òtútù ọmọ dání.

Lẹ́yìn gbogbo ètò yìí, ìmọ́lẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 1941, ará Amẹ́ríkà kan, Ansel Adams, ń wakọ̀ padà bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ New Mexico, nígbà tí ó rí òṣùpá lókè abúlé Hernandez, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń tàn sára àwọn àgbélébùú funfun ní itẹ́ òkú. Ó sáré gbé kámẹ́rà ńlá rẹ̀ kalẹ̀, kò rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ òṣùpá sórí. Ó fi ṣírò, ó sì ya ẹyọ kan. Kí ó tó lè ya ìkejì, ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lára àgbélébùú. Àwòrán náà wá di ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù lágbàáyé. Oríire ni òṣùpá náà. Ìmọ̀ tó ti kó jọ láti ọdún pípẹ́ ni ó fi gbá a mú.

Èmi náà rí díẹ̀ nínú irú rẹ̀ ní Kabba. Ní oṣù kejìlá ọdún kan, mo ṣètò láti ya òkè tó wà lẹ́yìn oko ìyá ọkọ mi ní ìdájí. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ ni a jọ lọ, pẹ̀lú ìyá fúnra wọn, tí wọ́n ní àwọn kò lè jẹ́ kí a dá lọ sóko àwọn. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀. A kò rí nǹkan kan.

"Màmá, kò sí òkè lónìí," ni mo wí.

Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, òkè kì í ṣí lọ. Ẹ jẹ́ kí n wo ebè mi."

Wọ́n mú ọmọ mi àbíkẹ́yìn lọ́wọ́, wọ́n ń fi ebè hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni oòrùn yọ nínú eruku, ó pọ́n bí epo pupa, kò ní ìtànṣán. Ìyá àti ọmọ sì dúró níwájú rẹ̀ bí òjìji méjì. Kámẹ́rà ti wà lọ́wọ́ mi. Mo yà á.

Ìyá papòdà ní ọdún kejì. Nígbà tí a ń wá fọ́tò wọn, nínú gbogbo èyí tí a rí ni wọ́n ti jókòó gan-an lórí àga, tí ojú wọn le, bí onífọ́tò ti ní kí wọ́n ṣe. Nínú ti oko yẹn nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí a mọ̀ wọ́n sí. Ọmọ náà, tí kò tó ọdún mẹ́rin nígbà náà, kò rántí òwúrọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìyá bàbá òun fi ebè han òun. Òkè tí mo lọ yà kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Kí a má ṣe tìtorí èyí sọ pé ètò kò wúlò. Bí kì í bá ṣe pé a tètè jí, tí iná sì wà nínú kámẹ́rà, oríire ì bá kọjá lọ lójú wa. Obìnrin tó ń dáná mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti tọ́jú ata àti epo sílé ni àlejò òjijì kì í dẹ́rù bà.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá bá lóko kí ẹ tó yà á. Bí ẹ bá sì padà délé, ẹ má fi àwòrán sílẹ̀ sínú fóònù nìkan, nítorí fóònù ń bọ́ sómi, olè sì ń jí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ibi àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ní ọ̀rinrin, kí ẹ sì fún àwọn tí ẹ yà ní tiwọn. Bí ẹ bá dé Kabba tí eruku bo òkè, ẹ má tètè padà. Ẹ wo ẹni tó dúró tì yín.