Bí lébìrà bá já bọ́ l'Aládé, ta ni ọlọ́pàá máa mú?

Ẹni tó bá kúrò ní Àkúrẹ́ tó forí lé Ìdànrè kò ní í béèrè bóyá òun ti dé. Òkúta ló máa sọ fún un. Aládé, Òdòdè àti Àtosìn, abẹ́ àwọn òkè ńláńlá tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO lọ́dún 2007 ni gbogbo wọn wà. Ìlú oníkòkó ni Aládé. Ọdún tí kòkó bá ta dáadáa, kò ní í pẹ́ tẹ́nì kan á fi da yanrìn sílẹ̀, á ní ilé alájà lòun fẹ́ kọ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bíríkìlà á dúró lórí páákó tí wọ́n kàn mọ́ ọparun, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, fìlà aṣọ lórí. Akoto kẹ̀? Ta ló fẹ́ rà á fún un? Bó bá já bọ́ tó kú, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un á ra pósí, á fún ìyàwó lówó díẹ̀, àwọn àgbààgbà á ní kádàrá ni.

Òfin ò pè é ní kádàrá o. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò l'Óǹdó, ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ tó burú jáì bá pa èèyàn, bí kò tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀, lè fi ẹ̀wọ̀n gbére jura. Òfin fákítìrì ti 1987 ńkọ́? Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ti ń pariwo tipẹ́ pé kò ka ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé mọ́ fákítìrì. Òfin ọdún 2010 ní kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa dá náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ NSITF, nítorí ẹni tó bá fara pa tàbí tó kú. Kọngílá wo ló ń dá a fún lébìrà tó ń gbowó ojúmọ́?

Nígbà tí ilé Synagogue wó n'Ìkọ̀tún, l'Ékòó, ní September 12, 2014, èèyàn 116 ló kú. Lọ́dún 2015, kọ́rónà ní kí wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn tó kọ́lé náà, nígbà tó di 2016, àwọn ẹnjiníà àti àwọn alámòójútó ìjọ náà ti wà nílé ẹjọ́ gíga. N'Ìkòyí, ní November 1, 2021, ilé alájà 21 wó, ó pa èèyàn tó lé ní 40, òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀gá àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́ l'Ékòó nígbà náà ní àjà 15 làwọn fọwọ́ sí. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà kú síbẹ̀ pẹ̀lú wọn, nítorí náà ta ni wọ́n fẹ́ bá ṣẹjọ́?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yanjú apá kan níbẹ̀. Láti April 2008, kóńpìnnì fúnra rẹ̀ lè jẹ̀bi ìpànìyàn lọ́dọ̀ wọn. Èyí tó kọ́kọ́ kó sí i, lọ́dún 2011, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ni ilẹ̀ ya lù nínú kòtò. Owó ìtanràn £385,000 ni wọ́n bù lé e.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ẹbí olóògbé ni ẹ̀rù yẹ kó bà nípa owó ìpẹ̀tù yẹn. Ẹni tó bá gba owó lórí àdéhùn pé òun á bo irú ọ̀ràn ńlá bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ti dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin kan náà. Owó ìsìnkú lásán kọ́ là ń wí o. Ìwé tí wọ́n ní kí opó tẹ̀ka sí, pé òun ò ní í bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ mọ́, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ gbé lọ sọ́dọ̀ lọ́yà.