“Assembly Point” Kì í Ṣe Ibi Àdúrà

Gbogbo àwa tí a ń kọ́ Yorùbá la mọ òwe yìí: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ẹni tí kò lè sáré pàápàá, bó bá ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀, yóò ti wá ibi forí pamọ́ sí kí ọ̀tá tó dé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á dúró lé nínú òwe náà ni “gbọ́”. Òun la fi ń sọ pé etí gbọ́ ìró, òun náà la sì fi ń sọ pé èèyàn gbọ́ èdè. Ẹni tí ìró kọ lu etí rẹ̀ tí kò gbọ́ èdè náà, ṣé a lè ní ó ti gbọ́ nípa ogun?

Iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló mú mi ronú bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ni. Mi ò ní dárúkọ wọn. Àwa bí ogójì là ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ńlá kan. Àwọn ìyá tí wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún ló pọ̀ jù, wọ́n ń ka ọ̀rá, wọ́n ń dì í.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ààbò kó wa jọ. Ó fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú bá wa sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkèdélẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, ṣùgbọ́n orí lásán làwọn ìyá ń mì, wọ́n ń dáhùn pé “Yẹ́ẹ̀sì sà.” Lẹ́yìn náà a fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ti kọ́ wa. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀ tẹ ìka.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo bi ìyá tó jókòó tì mí pé, “Mà, kí ni wọ́n ní ká ṣe bí iná bá ṣẹ́ yọ?”

“Ọmọ mi, wọ́n ní ká máa ṣọ́ra.”

“Pátákó aláwọ̀ ewé tó wà níta ńkọ́, mà?”

“Èyí tí wọ́n ya èèyàn sí? Ibi àdúrà ni. Assembly ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa náà, Assembly ló ń jẹ́.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín dúdú. Aago ìkìlọ̀ dún. Àwọn tó lè kàwé gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ “Exit” sí. Àwọn ìyá kọrí sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n mọ̀, èyí tí wọ́n ń gbà wọlé lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń rú èéfín yẹn gan-an ló wà. Àfìgbà tí èmi àti ọmọkùnrin kan kígbe pé “Ẹ yà sápá ọ̀tún!” ni wọ́n tó yà. Iná náà kò ràn, kò sì sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bọ́ síta, àwọn kan wà lábẹ́ pátákó, àwọn kan ti dé ojú títì. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù sínú ilé, a ò bá tí mọ̀.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ pé kí àìmọ̀nà pa èèyàn. Wọn ò tíì bí mi ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun n’Íkẹjà, ṣùgbọ́n àwọn òbí mi ṣì máa ń sọ ọ́. Àwọn èèyàn ń sáré láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ sì já sínú odò Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú. Púpọ̀ nínú wọn, omi ló gbé wọn lọ.

Ní New York, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná jó iléeṣẹ́ aṣọ Triangle, èèyàn 146 sì kú, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ló pọ̀ jù. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan tí wọn ì bá gbà jáde pa. Òfin iléeṣẹ́ ti Nàìjíríà náà ní, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú ò fi ní lè ṣí i kíákíá. Lójú tèmi, pátákó tí òṣìṣẹ́ ò lè kà, ilẹ̀kùn títì ni òun náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti ọmọkùnrin yẹn gba káádíbọ́ọ̀dù, a ní ká kọ ọ́ ní Yorùbá. A kọ́kọ́ kọ “Ọ̀nà Àbáyọ”. Àwọn ìyá ní èyí tí àwọn ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀kùn. A yí i sí “Ẹ GBA IBÍ JÁDE”. Fún “Assembly Point”, a kọ “Ẹ dúró síbí kí á kà yín”. Wọ́n yarí! Ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? A pa á rẹ́, a kọ “Ẹ DÚRÓ SÍBÍ KÍ Á PE ORÚKỌ YÍN”. Wọ́n gbà.

Mo kà á fún àwọn tí kò lè kàwé rárá, a sì jọ rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá gbà kí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìdánrawò tí a bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe fún gbogbo iléeṣẹ́, kò ṣe é títí mo fi kúrò. Ó ní iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró.

Wọ́n máa ń bi wá ní fásitì pé kí la fẹ́ fi Yorùbá jẹ. Ẹ wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀! Ẹ bi àwọn òbí yín bóyá wọ́n mọ ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà jáde níbi iṣẹ́ wọn. Ẹ sọ fún wọn ní Yorùbá pé kí wọ́n má dúró mú báàgì, kí wọ́n má wọ ẹ̀rọ agbéniròkè, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí èéfín bá pọ̀, kí wọ́n má sì padà wọlé. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ẹni tó bá wà l’Ékòó lè pe 767 pẹ̀lú.

Níbi tiyín ńkọ́, kí lẹ máa kọ sára ilẹ̀kùn náà?