Àtúnṣe Àwọ̀ Fọ́tò Àtijọ́: Ohun Tí Ojú Wa Rí

Nígbà tí wọ́n ní kí á kó àwọn fọ́tò àtijọ́ ilé-kéwú wa sínú kọ̀ǹpútà, a rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Alhaja kan mú fọ́tò wòlímà ọdún 1981 wá. Ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé jókòó níwájú, àwọn àáfà dúró lẹ́yìn. Kò sí fọ́tò ìyá náà mìíràn nílé wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Aró mẹ́ta ló wà nínú pépà fọ́tò aláwọ̀: búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, pupa tó fẹ́ jọ àlùkò, àti ìyeyè. Wọn kì í ṣá lọ́gbọọgba. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò ìgbà náà, búlúù yìí ló ń kọ́kọ́ lọ, kódà nínú àpótí tí oòrùn kò dé. Òun ló sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì. Bí ó bá ti lọ, pupa á gba gbogbo ojú fọ́tò.

A gbé fọ́tò náà sórí skánà. A mú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ohun funfun, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ láwàní àáfà kan. Lójú ẹsẹ̀ ni pupa náà lọ. Inú wa dùn, a tẹ̀ ẹ́ jáde, a gbé e fún Alhaja. Ó wò ó títí, ó ní: "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìyá mi kọ́ nìyí. Ìyá mi dúdú, wọn kò rí bí eérú báyìí. Bàbá àwọn ọmọ mi ló wé láwàní yẹn. Kò funfun, àwọ̀ eyín erin ni."

Ojú tì wá. A tún un bẹ̀rẹ̀, Alhaja sì jókòó tì wá. A nu gíláàsì skánà, a pa àtúnṣe àdáṣe rẹ̀, a yà á ní 600 dpi, a sì tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́ sí TIFF láìfọwọ́ kàn án. Nínú Levels, a ṣí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkè kékeré tí ẹ̀rọ yà fún pupa kò dé ọ̀dọ̀ òkùnkùn rárá. A fa àmì dúdú lọ bá ibi tí òkè náà ti bẹ̀rẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì yòókù. Lẹ́yìn náà, dípò láwàní, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni a fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ àwọ̀ sìmẹ́ǹtì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń yí i, tí à ń bi Alhaja léèrè.

Nígbà tó yá, kò dáhùn mọ́. A wẹ̀yìn, omi ti lé sí i lójú. Ó ní: "Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ̀rọ mọ àwọ̀, kò mọ ènìyàn. Fọ́tò ẹlòmíràn àmánà ni lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá ń mú fọ́tò yín bọ̀, ẹ mú àgbà tó mọ ọjọ́ náà dání, nígbà tí ó ṣì wà láàyè láti sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òkú wa. Àmín.