Akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn nílùú Ọba

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ kàwé nípa iṣẹ́ ìròyìn nílùú Ọba, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ tètè mọ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gba iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ láàyè nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, ṣùgbọ́n kò gbà kí èèyàn máa dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn gbà wọṣẹ́: wọ́n á kọ ìròyìn kan, wọ́n á tà á fún ìwé ìròyìn. Ọmọ tó ti Ìbàdàn lọ ò lè ṣe é. Ó dùn mí gan-an.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wù mí. Òfin ọdún 1981 kò gbà kí èèyàn gba ohùn sílẹ̀ nílé ẹjọ́ láìgbàṣẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣì ń kọ́ ìkọ̀wé kíákíá tó ń jẹ́ Teeline: àmì wẹ́wẹ́, fáwẹ̀lì díẹ̀, ọ̀rọ̀ 100 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń lé. Ẹ wọ ilé ẹjọ́ Májísíréètì tó wà nítòsí, ẹ jókòó, ẹ máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ẹ gbé e fún ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sówó níbẹ̀, àmọ́ orúkọ yín á wà lórí rẹ̀.