Ìbéèrè Lẹ́nu Ọmọ Wendover

"Is Grandma is frying dodo?"

Bí ọmọ ọdún mẹ́rin náà ṣe bèèrè nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń yí dòdò nínú epo ló yíjú sí. "Màmá, ẹ ò gbọ́ nǹkan tó wí? Ẹ̀ẹ̀mejì ló pe 'is'." Màmá gbọ́, àmọ́ kò rí ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Ọmọ fẹ́ mọ̀ bóyá dòdò ń bọ̀, Màmá sì ti fi fọ́ọ̀kì mú ẹyọ kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. "Gba èyí, ọkọ mi. Ó gbóná o."

Wendover ni ilé wọn wà, ọ̀kan nínú àwọn ilé gbọọrọ tó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thurlow Street ní Aylesbury Estate, ní Southwark nínú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Aylesbury ní 1963, ó di 1977 kí wọ́n tó parí rẹ̀: fúláàtì bíi 2,700, tí wọ́n fi orúkọ àwọn ìlú àti abúlé Buckinghamshire sọ àwọn ilé ibẹ̀. Níbẹ̀ ni Tony Blair ti sọ̀rọ̀ ìta gbangba rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó di olórí ìjọba ní 1997. Ọ̀rọ̀ wíwó ló kù tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti wó apá kan. Tẹ́nì kan bá wọ bọ́ọ̀sì 343 níbẹ̀, kò ní pẹ́ dé Peckham, níbi tí Màmá ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Yorùbá àti èdè Sípéènì la máa ń gbọ́ lójú ọ̀nà ẹnu ilé wọn, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọmọdé, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Gbólóhùn ọmọ náà ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò, nítorí iṣẹ́ ńlá ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí kì í ṣe ìbéèrè, "Grandma" tí í ṣe olùwà ló máa ń ṣíwájú, "is" á tẹ̀ lé e, "frying dodo" á wá kẹ́yìn. "Is" yìí ni aṣèrànwọ́-ìṣe, òun ló sì gbé àkókò dání. Tó bá di ìbéèrè, á dìde láyè rẹ̀, á fo olùwà, á lọ síwájú pátápátá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè máa ń ya gbólóhùn bí igi. Àyè kan wà lókè níwájú olùwà, àyè àkókò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àpólà-ìṣe sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orí ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ tó bá dá jókòó sí irú àyè bẹ́ẹ̀. Orí lè ṣípò lọ sí àyè tó wà lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fo orí mìíràn tó wà láàárín. Lisa Travis ló fi òfin yẹn lélẹ̀ ní 1984. "Could Grandma have slept?" dára. Ẹni tó bá jẹ́ kí "have" fo "could" lọ síwájú ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ.

Wọ́n tún ní nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gòkè báyìí, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, a kàn kì í pè é síta ni. Ọmọ yìí pè é síta. Ó gbé "is" síwájú bó ṣe yẹ, tìsàlẹ̀ ni kò pa lẹ́nu mọ́.

Olùkọ́ kan ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n dín Yorùbá kù nínú ilé, pé òun ló ń da ọmọ rú. N kò gbà. Àwọn ọmọ tí wọn kò gbọ́ Yorùbá rí ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. James Hurford ti kọ̀wé nípa irú ọ̀kan bẹ́ẹ̀ láti 1975. Ta ni Yorùbá sì ní kó ṣípò? "Màmá ń dín dòdò." "Ṣé Màmá ń dín dòdò?" Kò sí ẹni tó kúrò níbi tó wà. "Ṣé" ti jókòó sí àyè iwájú yẹn, àyè ti kún, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti gòkè. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí "if" bá dé ibẹ̀: "ask her if she is coming", "is" kò ní mira. Bí Yorùbá bá fẹ́ hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹnì kan nínú ilé yìí, lẹ́nu ìyá ọmọ náà ló ti máa hàn, tó ń gbé ohùn sókè bi mí pé, "You have eaten?" láìṣí ohunkóhun nípò.

Nígbà tí àwo délẹ̀, ọmọ náà nawọ́ sí ẹyọ kan. "Did Grandma fried this one?"

Ibí ni Gẹ̀ẹ́sì ti le jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe gidi ni "fried", irú wọn kì í sì í dìde mọ́ láyé òde òní. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé, "Fried Grandma this one?" Àkókò nìkan ló ń lọ síwájú, àkókò kò sì lè dá dúró, àfi kó rí ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e. Bí ọ̀gá bá kọ̀ tí kò dìde, tí ẹrù sì gbọ́dọ̀ lọ, alábàárù là á pè. "Do" ni alábàárù yẹn. Kò mú ìtumọ̀ kankan wá, ẹrù àkókò ló wá rù. Ló bá di "did", "fried" sì padà di "fry" lásán. Noam Chomsky ló ṣe òfin rẹ̀ lọ́nà tó gún régé nínú ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ Syntactic Structures ní 1957. Ọmọ wa pe alábàárù, ó di ẹrù rù ú, ó tún fi ẹ̀dà ẹrù náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ọ̀gá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ látilẹ̀wá. Nígbà ayé Shakespeare, tí wọ́n ń ṣe eré rẹ̀ ní Globe nínú Southwark yìí kan náà, ọ̀rọ̀-ìṣe gidi ṣì lè dìde fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń pe "do" nígbà náà. Alvar Ellegård tọpa bí "do" ṣe gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1953. Ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé ṣì ń gòkè ní tirẹ̀, Jean-Yves Pollock sì fi hàn ní 1989 pé ibi tí ọ̀rọ̀ bíi "often" bá wà nínú gbólóhùn la ti lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe gòkè tàbí kò gòkè.

Síbẹ̀, ohun tí ọmọ náà kò ṣe ló wú mi lórí jù. Ẹyọ dòdò kan ti jóná létí. Ó wò ó, ó yí i, ó ní, "Is the one that is burnt is for Daddy?" "Is" mẹ́ta lẹ́nu kan ṣoṣo! Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èwo ló gbé síwájú nínú wọn? Èyí tó kọ́kọ́ wà nínú gbólóhùn wà láàárín awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe, "that is burnt". Ìyẹn ló sún mọ́ ọn jù lọ, kò sì fọwọ́ kàn án. Èyí tó jẹ́ ti odidi gbólóhùn ló mú, ó kàn tún un pè ni. Ní 1987, Stephen Crain àti Mineharu Nakayama ní kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún bi ọmọláńgídí Jabba ní irú ìbéèrè yìí. Àwọn ọmọ náà ṣàṣìṣe, irú ti ọmọ wa yìí gan-an pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó fa "is" inú yọ síta. Chomsky ní a bí irú ìmọ̀ yẹn mọ́ ènìyàn ni. Àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀, ìjà náà kò sì tíì parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbé orí sókè lára fóònù. "She always burns one, innit."

Wo ohun tó yẹra fún. Ká ní ó fẹ́ fi ìbéèrè kékeré parí gbólóhùn yẹn bí ìwé ṣe wí, á kọ́kọ́ wá olùwà, á wo àkókò, á rí i pé kò sí aṣèrànwọ́-ìṣe níbẹ̀, á pe "do", á lẹ "not" mọ́ ọn, á wá gbé e síwájú "she". "Innit" kò béèrè ìkankan nínú rẹ̀, ó bá olùwà gbogbo àti àkókò gbogbo mu. Jenny Cheshire, Paul Kerswill àti Sue Fox ti kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá nípa Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀dọ́ Lọ́ńdọ̀nù báyìí, èyí tí onírúurú èdè pàdé nínú rẹ̀. Ìyá ọmọ kò ka ìwé wọn.

"Doesn't she," ni ó wí. "Sọ ọ́ dáadáa. Doesn't she."

"Okay, Mummy. Doesn't she, innit."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi bíi pé èmi ni mo kọ́ ọ.